Ajá Tó Dákẹ́ Náà Lè Jẹ́ Dìgbòlugi: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ohun Ọ̀sìn àti Òfin

Lẹ́tà tó wọlé lórí ajá lóṣù yìí pọ̀ ju ti ẹran ọ̀sìn yòókù lọ, nítorí náà ajá la fi ṣáájú. Dókítà ẹranko ló dáhùn ohun tó kan ìlera, agbẹjọ́rò ló dáhùn ohun tó kan òfin. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, a kò sì kọ orúkọ ẹni tó kọ wọ́n ní kíkún.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ajá aládùúgbò wa gé ọmọ mi ọlọ́dún méje jẹ lójúgun lánàá, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí n gé lára irun ajá náà, kí n jó o, kí n fi epo pupa pò ó, kí n fi lé ojú egbò. Ẹni tó ni ajá ní òun ti gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò rí káàdì mú jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá igi tí wọn yóò fi pa ajá náà. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ọlọ́mọ, Ọ̀tà

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi irun sí i, ẹ má fi ata tàbí kẹrosíìnì sí i. Ọṣẹ àti omi ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ tàbí kí ẹnì kan máa da omi sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago, nítorí ìṣẹ́jú 15 gùn lójú ọmọ tó ń sunkún, ọ̀pọ̀ ló sì ń dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú méjì. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ló ṣẹlẹ̀, ẹ ṣì fọ̀ ọ́. Ìdí ni pé ara kòkòrò àrùn dìgbòlugi ní ọ̀rá, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá náà ká. Tí ẹ bá ní áyódìn, ẹ fi kan ibẹ̀ lẹ́yìn fífọ̀. Ẹ má wé e pinpin, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rán an lọ́jọ́ kìíní àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá.

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n á gún wọn ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n á sì gbà pé ó parí. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì dára, ṣùgbọ́n kò dá dìgbòlugi dúró. Ẹ bèèrè ní pàtó fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ 0. Òmíràn tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14, àwọn ilé ìwòsàn kan sì ń fi ọjọ́ 28 kún un. Apá lókè ni wọ́n ń gún un sí, tàbí itan fún ọmọ kékeré. Kì í ṣe ìdí, nítorí ọ̀rá ìdí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ jáde, ọmọ yín tún nílò abẹ́rẹ́ kejì tí wọ́n ń pè ní immunoglobulin. Àjẹsára máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan kí ara tó kọ́ ìjà nípasẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kejì yìí ló ń jà kó tó di ìgbà yẹn. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: 20 IU (òṣùwọ̀n agbára oògùn) fún kílò kan tó bá jẹ́ láti ara ènìyàn, 40 IU tó bá jẹ́ láti ara ẹṣin. Ọmọ tó wọn kílò 20 yóò gba 400 tàbí 800. Inú egbò àti etí rẹ̀ ni dókítà máa ń gún un sí, bí ààyè bá ṣe gbà. Ọjọ́ 0 ló yẹ kó gbà á. Tó bá kọjá ọjọ́ 7 lẹ́yìn àjẹsára àkọ́kọ́, kò wúlò mọ́. Ó wọ́n, kì í sì í wà níbi gbogbo, nítorí náà ẹ fóònù ilé ìwòsàn ńlá méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó wọ mọ́tò. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá àjẹsára dúró.

Ní ti ajá, ẹ bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n jù igi sílẹ̀. Ajá tó wà láàyè ni ẹlẹ́rìí yín. Tó bá jẹ́ pé kòkòrò náà wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ, àìsàn yóò hàn lára rẹ̀ tàbí kó kú kí ọjọ́ 10 tó pé. Kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n tì í mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé, kí wọ́n máa fún un ní oúnjẹ àti omi, kí dókítà ẹranko sì wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lọ́jọ́ kẹwàá. Ẹ má dúró de ọjọ́ kẹwàá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ. Tí ajá bá ṣì ń jẹun dáadáa nígbà náà, dókítà lè ní kí wọ́n dá èyí tó kù dúró.

Ọ̀rọ̀ kan nípa orúkọ àrùn yìí. Ajá tó ń sá kiri, tó ń dìgbò lu igi, tó ń gé ohunkóhun jẹ, ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó pè é ní dìgbòlugi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kejì wà tí kì í sáré rárá. Ajá náà á kàn dákẹ́, á wọ abẹ́ tábìlì tàbí ẹ̀yìn ilé, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, itọ́ á máa dà, kò ní lè gbé oúnjẹ mì. Olówó rẹ̀ á rò pé egungun há a lọ́fun, á ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Bí àrùn ṣe ń wọ ara ènìyàn tí ajá kò tilẹ̀ gé jẹ nìyẹn. Tí àmì bá ti hàn lára ènìyàn, bíi kó máa bẹ̀rù omi, ikú ló máa ń já sí, àyàfi ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà kó tó hàn, ó sì lè tó ọdún kan. Ẹ má wo ara ọmọ tó le lónìí kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Tí ajá bá kú láàárín ọjọ́ 10, ẹ má sin ín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é jẹ. Àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò yìí nínú ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún jíjẹ lórílẹ̀-èdè yìí. Iná á pa kòkòrò nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹni tó dì í mú, tó gé orí rẹ̀, ti kó ọwọ́ bọ itọ́ àti ọpọlọ kó tó dórí iná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta lókili, ìyẹn ẹran ajá, lóde Oǹdó, ẹ gbọ́ o. Orí ajá ni dókítà ẹranko nílò. Òun ni kó fi ìbọ̀wọ́ gé e, kó dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta, kó gbé e sórí omi dídì nínú kúlà, kó sì fi ránṣẹ́ sí Iléeṣẹ́ Ìwádìí Àrùn Ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọpọlọ wò. Kó má dì gbagidi bí ẹja, kí wọ́n má sì fi oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú bàjẹ́ sí i.

Agbẹjọ́rò fi èyí kún un: ẹ ya fọ́tò egbò, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tó rí i. Ẹ fi tó ẹ̀ka ìlera ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ yín létí, àti ọlọ́pàá. Abala 343 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, sọ pé ẹni tó bá fi àìbìkítà kọ̀ láti dènà ewu tó ṣeé ṣe kí ẹranko tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ fà ti dá ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Èkó ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí olówó ajá bá ti gbọ́ nípa abala yìí, á san owó abẹ́rẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé kóòtù.

Mo ra ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti gún un ní gbogbo abẹ́rẹ́, kò kù kan. Ṣé òótọ́ ni? — Akin, Ìbàdàn

Rárá o. Ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kò lè tíì gba gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà àwọn àrùn ajá tí wọ́n ń pè ní parvo àti distemper ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 14 sí 16. Ti dìgbòlugi ń dúró de ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, òmíràn á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún kan. Ìdí tí a fi ń tún un gún ni pé ohun ìjà tó mu nínú ọmú ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ohun ìjà yẹn a sì máa pa abẹ́rẹ́ náà kó tó ṣiṣẹ́. A kò mọ ọjọ́ tí ti ìyá yóò tán lára ajá kọ̀ọ̀kan, la ṣe ń gún un léraléra títí tí ọ̀kan yóò fi bọ́ sákòókò. Títí dìgbà yẹn, ẹ má mú un jáde lọ síbi tí ajá àdúgbò ń yàgbẹ́ sí, torí parvo lè pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ wo káàdì rẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà tó wà lára ìgò, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gún un, àti orúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ dókítà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria wà níbẹ̀. Bébà kékeré tó wà lára ìgò ni wọ́n sábà máa ń ṣí lẹ̀ mọ́ káàdì. Káàdì tí wọ́n kàn fi bírò kọ "OK" sí kì í ṣe káàdì. Láàárín 2°C sí 8°C ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà láti iléeṣẹ́ dé ara ajá. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá dúdú lọ́sàn-án gangan, omi lásán ló fẹ́ẹ́ gún fún yín. Kò ní pa ajá lára, èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura.

Oògùn aràn ńkọ́? Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí dé oṣù mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí dé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lò ó. Ọmọ ajá tí aràn kún inú rẹ̀ kì í jẹ àǹfààní abẹ́rẹ́ tán.

Mo kọ "Ẹ ṣọ́ra, ajá ń bẹ" gàdàgbà sí géètì mi. Tẹ́nántì mi kan ní mo tún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣé kì í ṣe ilé mi ni? — Alhaji, Agége

Ilé yín ni, Alhaji, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ í sọ. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ìpín 1(k), fi àkóso ìrìn àti títọ́jú ohun ọ̀sìn gbogbo lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí òfin kò fi rí bákan náà láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí èkejì. Ẹ lọ sí sẹkitéríàtì tiyín, ẹ bèèrè ẹ̀ka ìlera ẹranko, ẹ ní kí wọ́n fi òfin ìbílẹ̀ lórí ajá hàn yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì ìjọba fún owó yòówù tí ẹ bá san. Ẹni tó wá gba owó "ìwé ajá" lẹ́nu géètì tí kò ní rìsíìtì, ẹ má dá a lóhùn.

Àkọlé yẹn kò gbà yín bí ẹ ṣe rò. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kò lè kà á. Ohun tó tún burú ni pé agbẹjọ́rò ẹni tí ajá gé jẹ lè nawọ́ sí àkọlé náà ní kóòtù pé, "Ẹ wò ó, ó mọ̀ pé ajá òun léwu." Ẹ fi í síbẹ̀ o, àlejò a máa rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi wà lára géètì. Ọ̀pọ̀ ajá ń jáde nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún mọ́tò. Ẹ ṣe ilé fún ajá lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, kí wọ́n sì tì í mọ́bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan géètì. Tó bá ń jáde lọ ṣeré, okùn kó má ju mítà méjì lọ, kí àgbàlagbà ló mú un. Ohun ìdínu, ẹ ra èyí tó dà bí agbọ̀n, tí yóò lè fi la ẹnu mí. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn, ẹnu ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹni tó fi aṣọ di ẹnu ajá lóòrùn lè pa á láàárín wákàtí kan.

Ṣéènì mítà kan látàárọ̀ dalẹ́ ló ń sọ ajá di òǹrorò. Tó bá di dandan kí ẹ so ó, ẹ na wáyà líle láàárín òpó méjì bíi mítà márùn-ún, kí ẹ fi òrùka so okùn rẹ̀ mọ́ wáyà náà kó lè máa rìn lọ rìn bọ̀, kí ibòji àti omi sì wà níbi tí okùn dé. Bí Èkó tilẹ̀ ní òfin tirẹ̀, Abala 495 nínú Criminal Code ka fífi ìyà jẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, náírà 50. Láti ayé tí náírà 50 fi ń jẹ́ owó ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ajá ilé kejì kì í jẹ́ ká sùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi òtapíápíá sínú ẹran jù sí i. — Ẹni Tí Oorun Ń Kùn, Ṣómólú

Ẹ má dán an wò. Pípa ẹran ẹlẹ́ran ní mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ẹran tí ẹ jù síta ò sì mọ ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́: ewúrẹ́, ológbò, tàbí ọmọ tó ń rákò. Ajá tó ń gbó lóru sábà máa ń rí ojú títì láti àárín irin géètì, tàbí kí ebi máa pa á, tàbí kó ti wà lójú kan látàárọ̀. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ lọ́sàn-án, kì í ṣe lóru tí inú ń bí yín: kó fi páànù bo ìsàlẹ̀ géètì, kó máa fún un lóúnjẹ lálẹ́, kó máa mú un rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ abo tó ń gùn ló ń kó akọ àdúgbò jọ, kí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀. Tí kò bá gbọ́, Citizens Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ń gbé ní Peckham. Mo fẹ́ gbé ajá bàbá mi láti Ìbàdàn wá bá mi. Aṣojú kan ní òun lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. — Bọ́sẹ̀, London

Tí ẹ bá ti fún un lówó, ẹ gbà á padà. Kò ṣeé ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí fún ìrìn ohun ọ̀sìn, nítorí náà gbogbo ìgbésẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ẹ má sì gbé ọ̀kan ṣáájú èkejì. Microchip, ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá, ni àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí wọ́n bá gún kí wọ́n tó fi microchip sí i kò ní í kà, ajá náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 ó kéré tán, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí. Èsì gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml. Láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí èsì jáde, ni ẹ óò ka oṣù mẹ́ta. Fún àpẹẹrẹ: microchip àti abẹ́rẹ́ ní 5 oṣù Kìíní, ẹ̀jẹ̀ ní 5 oṣù Kejì, ìrìnàjò kò lè ṣáájú 5 oṣù Karùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni dókítà ìjọba yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìlera láàárín ọjọ́ 10 ṣáájú kí ajá tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà yóò sì fún un ní oògùn aràn tó ní praziquantel láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó dé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á lo oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, tàbí kí ọkọ̀ òfuurufú pẹ́ kí wákàtí 120 fi kọjá. Ajá kì í wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ òfuurufú lórí itan èrò, inú ẹrù ni. Tí nǹkan kan bá ṣìṣe nínú ìwé, wọ́n lè tì í mọ́lé títí dé oṣù mẹ́rin lórí owó yín, tàbí kí wọ́n dá a padà.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ wo irú ajá tó jẹ́. Pit Bull Terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino, Fila Brasileiro àti XL Bully ni òfin fòfin dè. Láti 1 oṣù Kejì 2024 ni níní XL Bully láìní ìwé ìdásílẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní England àti Wales, ààyè láti bèèrè ìwé náà sì ti kọjá. Ìrísí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń pè é. Bó bá sì ti délé, bẹ́líìtì ọrùn tí orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà lára rẹ̀ jẹ́ dandan nígboro.

Màmá àgbà ní odídẹrẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé e lọ sí Houston. — Ṣadé, Ifẹ̀

Kó fi í sílẹ̀ fún màmá. Láti oṣù Kìíní 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà ní Àfikún Kìíní CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń kú tán, ibi tí ìdènà ti le jù, Nàìjíríà sì ti ní òfin lórí ẹranko tó ń kú tán láti 1985. Ẹyẹ tí wọ́n fi àtè mú nínú igbó kò lè gba àṣẹ ìtajà sókè òkun, púpọ̀ wọn ló sì ń kú nínú àpótí kí wọ́n tó dé ọjà. Òfin náà kan ìyẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ ìkóódẹ fún orò tàbí oyè nílé, ìyẹ́ tó re fúnra rẹ̀ ni kó ṣà nílẹ̀ àgò, kó má fà á tu. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ fi í sínú àpò lọ sí Houston, Bahia tàbí Havana, kó kọ́kọ́ gba ìwé CITES.